Ẹ Gbé Sìgá Síta: Ìkéde Àwa Òṣìṣẹ́ Ilé Ọtí

Àwa la ń ṣí ìgò, àwa la ń gbé ẹran sísun àti ẹja yíyan lọ sórí tábìlì, àwa la ń nu ilẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé bá ti lọ sùn. Àwọn olórin wà láàárín wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀, àwọn kan tó nilé ọtí fúnra wọn wà níbẹ̀, àwọn kan tó ń mu sìgá pàápàá sì ti fọwọ́ sí ìwé yìí. Láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta dé Àkúrẹ́, nǹkan kan ṣoṣo ló kó wa jọ: afẹ́fẹ́ tí à ń fà símú níbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọlọ́tí. Wọ́n ní kò sídìí tí a ó fi máa ní kí amusìgá jáde síta mọ́, pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ti yanjú ọ̀ràn náà. Kí ọlọ́tí ṣáà ra fáànù ńlá tó ń fa èéfín síta, kó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, kó fi gíláàsì gé igun kan sọ́tọ̀. Kí ẹni tó ń mu sìgá máa mu ún, kí ẹni tí kò mu ún máa jẹun rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, torí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá jóòótọ́ ni, àwa ni ì bá kọ́kọ́ jó sí i, nítorí àwa ni èéfín náà ń pa lára jù. A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò jóòótọ́. Ìdí nìyí tí a fi kéde àwọn ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí, tí a ó sì dúró lé wọn lórí.

IBI TÍ A TI Ń SỌ̀RỌ̀

Ẹ bá wa wọ ilé ọtí kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa torí ẹ̀rọ amúlétutù. Tábìlì mẹ́rin ń mu sìgá, igun kan ń fa ṣíṣà. Ẹ gbójú sókè wo amúlétutù tó wà lára ògiri: ike rẹ̀ tó funfun báláú lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá wá fọ asẹ́ inú rẹ̀, omi dúdú ló ń ṣàn jáde, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn sìgá sì ń bú jáde lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ yìí ń gbé èéfín jáde. Kò gbé e lọ síbì kankan. Irú amúlétutù alápá méjì tó kún ilé ọtí wa kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé láti ìta. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà, òun ló ń mú tutù, òun náà ló tún ń tú padà sínú yàrá. Ooru nìkan ni apá tó wà níta ń lé jáde. Èéfín tí ọkùnrin kan fẹ́ jáde lẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ náà á mú un tutù, á sì pín in kárí ilé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú iná lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, èéfín ti dì gbìì sí òkè. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì dìde tán, ohun tó ń pa owó wọlé ni ọ̀gá á kọ́kọ́ fún níná: fíríìjì, ẹ̀rọ orin, gílóòbù. Fáànù tó ń fa èéfín síta ni yóò gbẹ̀yìn, bó bá tilẹ̀ kàn án. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ni yóò dáàbò bò wá nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò máa ra díísù rẹ̀ fún wa.

ÌLÀNÀ KÌÍNÍ: ÒÓRÙN KỌ́ NI MÁJÈLÉ

Kẹ́míkà tó wà nínú èéfín sìgá lé ní 7,000, nǹkan bí 70 nínú wọn ló sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ ẹ̀rún kíkúnná tí ojú kò lè dá rí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Àwọn yòókù jẹ́ gáàsì: carbon monoxide, benzene, formaldehyde. Asẹ́ olówó iyebíye, irú èyí tí wọ́n ń lò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, lè mú ẹ̀rún wọ̀nyí bí afẹ́fẹ́ bá gba inú rẹ̀ kọjá. Gáàsì ní tirẹ̀ á kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èédú tí wọ́n ṣe láti máa fa gáàsì mọ́ra wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń kún. Bó bá ti kún, kò níṣẹ́ mọ́ àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. A kò tíì rí ọlọ́tí tó ń ka ọjọ́ tí èédú rẹ̀ yóò kún.

Carbon monoxide kò tilẹ̀ ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Nítorí náà, bí oníbàárà bá wọlé tó ní, “Ilé yín ò mà rùn o,” òórùn nìkan ló wọ̀n. Lófíńdà àti ọṣẹ ìnulẹ̀ náà lè gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀. A kò ní gba òórùn dídùn ní ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ mọ́.

ÌLÀNÀ KEJÌ: ÈÉFÍN MÁA Ń DÉ IMÚ KÓ TÓ DÉ FÁÀNÙ

A kò bá ẹ̀rọ jà. Ní ilé ìdáná, fáànù tó ń fa èéfín wúlò fún wa lójoojúmọ́, torí orí iná gan-an ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Iná kì í kúrò lójú kan, èéfín rẹ̀ sì ń gòkè lọ bá a tààrà. Amusìgá kì í jókòó sábẹ́ fáànù. Ó ń dìde, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ àti imú ẹni tó tẹ̀ síwájú láti gbé ọtí fún un kò sì jìnnà síra. Kí fáànù òkè tó gbọ́, a ti fà á símú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí a bá sọ afẹ́fẹ́ tuntun tó ń wọlé di ìlọ́po méjì, èéfín inú ilé á dín kù sí ìdajì. Bí a bá fẹ́ kó ku ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ náà ní láti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. James Repace, onímọ̀ físíìsì ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí èéfín inú ilé, ṣe ìṣirò yìí fún ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Ohun tó rí ni pé afẹ́fẹ́ tó lè sọ ewu náà di kékeré tí a lè fojú fò ní láti le tó ìjì líle. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgò kò ní dúró lórí tábìlì, ká má tíì wá sọ ti gèlè.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí jù lọ kò jiyàn. ASHRAE ni ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ìlànà wọn ni àwọn kọ́lékọ́lé ń tẹ̀ lé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 2005, wọ́n kéde pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè mú ewu èéfín sìgá kúrò nínú ilé ni kí ẹnikẹ́ni má mu ún níbẹ̀. Lọ́dún 2006, Richard Carmona, olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde pé kò sí ìwọ̀n èéfín sìgá ẹlòmíràn tí kò léwu, àti pé yíya amusìgá sọ́tọ̀, sísẹ́ afẹ́fẹ́ àti fífẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé kò lè mú un kúrò tán. Nígbà tí ẹni tó ń jẹun nídìí fáànù bá sọ pé fáànù ò tó, ta la tún fẹ́ bi?

ÌLÀNÀ KẸTA: IṢẸ́ LA WÁ ṢE, A Ò WÁ KÓ ÀRÙN

Oníbàárà lè jókòó fún wákàtí kan kó máa lọ. Àwa ń wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ mọ́, lálaalẹ́, lọ́dọọdún.

Heather Crowe fi nǹkan bí ogójì ọdún gbé oúnjẹ fúnni ní ilé oúnjẹ ní Kánádà. Kò mu sìgá. Lọ́dún 2002, àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń san owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ontario gbà pé ẹnu iṣẹ́ ló ti kó o, wọ́n sì san owó fún un. Ó fi ìyókù ayé rẹ̀ rìn kiri Kánádà, ó ń bẹ àwọn aṣòfin pé kí òun jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí. Ó kú lọ́dún 2006. Ní Bìrìtìkó, Roy Castle tó ń fọn kàkàkí òyìnbó lórí ìtàgé kò mu sìgá. Ó ní ilé ijó tó kún fún èéfín, níbi tí òun ti ń mí kanlẹ̀ láti fọn ún, ni òun ti kó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó kú lọ́dún 1994. Kí ẹ̀yin olórin wa tó ń lo ọ̀fun àti fèrè wọn lálaalẹ́ fi etí sí èyí.

Bí èéfín bá kúrò, ara máa ń mọ̀ kíá. Ní oṣù Kìíní 1998, òfin California lé sìgá jáde nínú ilé ọtí. Àwọn oníṣègùn yẹ àwọn agbọ́tí 53 wò ní San Francisco ṣáájú òfin àti lẹ́yìn rẹ̀. Ṣáájú, 39 nínú wọn ló ń wúkọ́, tàbí tí àyà wọn ń dún, tàbí tí èémí wọn ń ké. Láàárín oṣù díẹ̀ tí òfin bẹ̀rẹ̀, 23 nínú àwọn 39 náà ni kò ní ìkankan nínú rẹ̀ mọ́. Wọn ò pààrọ̀ iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ wọn ló yí padà.

Ẹ má sọ fún wa pé ẹni tí kò bá fẹ́ kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe wọ́n tó. Ẹni tó ń gbé ọtí láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ kò yan èéfín. Oúnjẹ òòjọ́ ló yàn.

ÌLÀNÀ KẸRIN: YÀRÁ GÍLÁÀSÌ KÒ GBANI LÀ

Àwọn ìlú kan ti gbìyànjú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára wọn. Láti oṣù Kìíní 2005, òfin Ítálì gba ilé ọtí láyè láti kọ́ yàrá sìgá bó bá lè fa afẹ́fẹ́ 30 lítà wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kó sì rí i pé afẹ́fẹ́ yàrá náà kò lè yọ́ jáde. Nígbà tí àwọn ọlọ́tí Ítálì ka iye tó máa ná wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ní Faransé, láti 2008, yàrá sìgá inú ilé ọtí kò gbọ́dọ̀ ju mítà 35 níbùú lóròó lọ, a ò gbọ́dọ̀ gbé ọtí tàbí oúnjẹ fún oníbàárà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lọ gbálẹ̀ àfi lẹ́yìn tí yàrá náà bá ti ṣófo, tí afẹ́fẹ́ sì ti ń wọlé fún odindi wákàtí kan. Ní Japan, láti oṣù Kẹrin 2020, ẹni tí kò tó ogún ọdún kò gbọ́dọ̀ wọ ibi sìgá, kódà bó jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ rò ó wò. Bí ẹ̀rọ bá ń sọ afẹ́fẹ́ di mímọ́, kí ló dé tí òfin fi ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ kó má wọ ibẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Sípéènì ló yẹ kí àwọn tó nilé ọtí gbọ́ dáadáa. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2006 ní kí ilé oúnjẹ ńlá gé ibi sìgá sọ́tọ̀. Wọ́n fọ́ ògiri, wọ́n kọ́ òmíràn, wọ́n ra fáànù. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 2011, ìjọba lé sìgá jáde nínú ilé ọtí àti ilé oúnjẹ pátápátá. Owó àwọn tó ti kọ́ yàrá wọlẹ̀, wọ́n sì ń pariwo pé kí ìjọba dá a padà fún wọn. Ọ̀gá wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní gbèsè.

ÌLÀNÀ KARÙN-ÚN: Ẹ WO ẸNI TÓ Ń POLÓWÓ RẸ̀

Kì í ṣe àwọn dókítà ló kọ́kọ́ ń pariwo fáànù. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá ṣí ìwé inú ilé wọn sílẹ̀ fún aráyé ní òpin àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí kà á. Wọ́n rí bí Philip Morris ṣe fi owó ti ètò tó ń rọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ pé kí wọ́n fáàyè gba amusìgá àti ẹni tí kì í mu ún pa pọ̀, kí òfin má bàa dé. Lọ́dún 2006, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ nípa British American Tobacco: ilé-iṣẹ́ náà ń ti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn ilé ọtí, nígbà tí ìwé inú ilé tirẹ̀ fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò kápá èéfín.

Ilé-iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ ńlá rẹ̀ tó ṣí ní 2003 wà, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sì ti gbin tábà fún iṣẹ́ sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kò bá àgbẹ̀ jà, a kò bá òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà jà; òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọlọ́tí tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wá bá bèèrè ẹni tó sanwó ìpolówó náà kó tó mú owó tirẹ̀ jáde.

ÌLÀNÀ KẸFÀ: A KÒ LÉ ẸNIKẸ́NI

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A ń sọ fún un. A kò ní kó kúrò nílé. Ẹni tó ń mu sìgá lè jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, oníbàárà wa, ọ̀gá wa. Ohun kan la ní kó ṣe: kó jáde síta kó tó ṣáná.

Ìta kì í sì í ṣe ìyà nílẹ̀ wa. Nígbà tí Ireland di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó lé sìgá jáde ní gbogbo ibi iṣẹ́ inú ilé, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2004, inú òjò àti òtútù ni amusìgá wọn ń lọ dúró, wọ́n sì ń lọ. Àwa tí alẹ́ wa ń móoru, tí àwọn baba wa ń mu ẹmu lábẹ́ igi, tí búkà wa kò ní ju òrùlé àti òpó lọ, kí ló fẹ́ nira fún wa níbẹ̀? Ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn pa nítorí amúlétutù ni èéfín rí ibùgbé. Kí ọlọ́tí tún àgbàlá ṣe, kó to àga síbẹ̀, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé.

ÌLÀNÀ KEJE: ÈÉFÍN ṢÍṢÀ NÁÀ ÈÉFÍN NI

Adùn èso tí wọ́n fi sí i kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Omi tí èéfín ń gbà kọjá kò fọ̀ ọ́ mọ́. Èédú tó ń jó lórí rẹ̀ ń tú carbon monoxide jáde fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ń fà á, òṣìṣẹ́ tó ń fẹ́ èédú náà ló sì ń kọ́kọ́ gbà á sára. Ohunkóhun tí a bá sọ nípa sìgá nínú ìwé yìí, a sọ ọ́ nípa ṣíṣà.

ÈSÌ WA FÚN ÀWỌN TÓ Ń JIYÀN

Wọ́n ní ọlọ́tí ló nilé, ohun tó bá wù ú ni kó ṣe. Òun ló nilé lóòótọ́, síbẹ̀ kò lè ta ọtí ayédèrú níbẹ̀, kò sì lè gbé ẹran tó ti bàjẹ́ fúnni. Afẹ́fẹ́ inú ilé rẹ̀ jẹ́ ara ohun tó ń tà.

Wọ́n ní ọjà á kú. Ta ni ọjà? Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé àgbàlagbà tó ń lo tábà kò tó 6 nínú 100. Síbẹ̀, nínú àwọn tó lọ sí ilé oúnjẹ, nǹkan bí 29 nínú 100 ló pàdé èéfín níbẹ̀. Àwọn tí kò mu ún ló pọ̀ jù. Èyí tó ní ikọ́ fée nínú wọn, aboyún, ẹni tó gbọ́mọ dání, wọn kì í bá ọlọ́tí jiyàn. Ibòmíràn ni wọ́n ń gbé owó wọn lọ.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Lọ́wọ́ ìjọba: òfin ti wà. Nàìjíríà ti wọ àdéhùn àgbáyé lórí tábà láti 2005. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tirẹ̀ ní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ti àpapọ̀ ní oṣù Karùn-ún 2015, ìlànà tó tẹ̀ lé e sì jáde ní 2019. Níbikíbi tí òfin bá ti mẹ́nu ba ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún sìgá, kí ibẹ̀ jẹ́ ìta gbangba, kí ẹ má ṣe gba yàrá inú ilé kankan wọlé nítorí pé ó ní ẹ̀rọ. Kí àwọn wolé-wolé máa wá lálẹ́ tí ilé ọtí kún, kì í ṣe ní agogo mẹ́wàá àárọ̀.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀gá wa: ẹ lẹ àkọlé mọ́ ara ògiri, ẹ tún ìta ṣe, ẹ sì dúró lẹ́yìn òṣìṣẹ́ tó bá ní kí oníbàárà jáde. Ẹ má lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ẹni ńlá ló bínú.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin oníbàárà: bí ẹ bá jókòó tí èéfín ń bọ̀, ẹ sọ̀rọ̀. Ohùn yín wúwo létí ọ̀gá ju tiwa lọ.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ: ẹ bá wa ṣe fáànù fún ooru, fún èéfín ilé ìdáná, fún àrùn tó ń ràn ká inú afẹ́fẹ́. A nílò yín níbẹ̀. Ẹ má ta á fún ẹnikẹ́ni ní ìyọ̀ǹda láti mu sìgá lójú wa.

Àwa náà ní tiwa. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ sí ìwé yìí kò ní gbé àwo eérú sórí tábìlì inú ilé mọ́, kò ní ṣáná fún sìgá oníbàárà, kò ní fẹ́ èédú ṣíṣà nínú yàrá. A ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìta la ti ń mu ún.” Bí wọ́n bá lé ọ̀kan nínú wa nítorí gbólóhùn yìí, gbogbo wa la ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.